Èsì: Òjò oṣù Kẹjọ l'Óṣogbo àti ọkọ̀ ìwádìí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ohun tí ọkọ̀ ìwádìí orí òkun fẹ́ sọ nípa òjò tó ń dáwọ́ dúró l'Óṣogbo lóṣù Kẹjọ. Lásìkò yẹn, òjò ńlá ti sún lọ sókè Ọya, omi tútù sì ti ru sókè ní Gulf of Guinea, òkun tó wà ní gúúsù wa, èyí tó ń bá a dín òjò kù. Ọkọ̀ ìwádìí ló ń wọn omi náà: ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní CTD ni wọ́n ń fi wáyà sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, bíi mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti wọn ìgbóná àti iyọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ dá a dúró díẹ̀ lábẹ́ omi kí pọ́ǹpù ẹ̀rọ náà lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá kánjú, ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ á dà rú. Ìwọ̀n ìgbóná ojú omi gan-an ló ń tanni jù: omi òkun tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fà wọlé, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n níbẹ̀, sábà máa ń gbóná ju ti òkun fúnra rẹ̀ lọ.