Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Akọni Tí Kò Rẹ́ni Bá Sọ̀rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mò ń ya kọ́míìkì olójú-ìwé 24 kan. Àwọn ẹ̀dá àjèjì láti òfuurufú pa gbogbo ará ìlú, ọkùnrin kan ṣoṣo ló yè, ó sì ń dọdẹ wọn. Èrò ọkàn rẹ̀ ni mo kọ kún gbogbo àpótí àwòrán. Àwọn tó kà á ní ó sú àwọn, ẹ̀rù ò sì bà wọ́n.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí àwòrán bá ti fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ má tún kọ ọ́ pé ẹ̀rù ń bà á. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kó má ju ọ̀rọ̀ 25 lọ nínú àpótí kan. Ọdẹ kì í sọ̀rọ̀ nínú igbó, ipasẹ̀ ló ń wò. Ẹ ya ewé tó ṣẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì. Ẹ jẹ́ ká mọ iye ọta rẹ̀ pẹ̀lú: bó bá ní mẹ́fà, tó yin mẹ́rin, méjì péré ló gbọ́dọ̀ kù títí dópin.

Bó bá di dandan kó sọ̀rọ̀, ẹ wá ohun tó lè dá a lóhùn. Nínú Rogue Trooper, kọ́míìkì nípa ọmọ ogun kan, tó bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé kọ́míìkì 2000 AD ní Ìlú Ọba lọ́dún 1981, ọkàn àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ ogun náà mẹ́ta tó kú wà nínú ìbọn, àṣíborí àti àpò ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má mú tiwọn o. Ajá ọdẹ tó gbọ́ ìró kí ọ̀gá rẹ̀ tó gbọ́ ti tó.

Ní ti ẹ̀rù, ojú ìwé tí ẹ bá gbé ẹ̀dá náà sí ló ń pinnu rẹ̀. Ojú ìwé 1 wà lọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí náà 2, 4, 6 wà lósì, a kì í sì í rí wọn àfi tí a bá ṣí ìwé. Òjìji tàbí ìró ni kó parí ojú ìwé 9, kí ẹ̀dá náà yọ ní 10. Bí ẹ bá gbé e sí 11, tó dojú kọ 10, òǹkàwé á ti rí i kó tó ka 10. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ìwé kún un tàbí yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà, méjì-méjì ni. Ẹyọ kan á da gbogbo ètò yìí rú. Kí ìwé tí a fi pín-ìn-nì dè sì lè jókòó dáadáa, àpapọ̀ ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin: 20, 24, 28.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àmì ohùn fi ń yẹ̀ kúrò lórí Ẹ́ àti Ọ̀ nínú fọ́ǹtì kọ́míìkì?

Ìdáhùn: Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ (bí Ẹ àti Ọ) àti àmì ohùn orí rẹ̀ kò sí pa pọ̀ lábẹ́ nọ́ńbà kan; ńṣe ni a ń gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ bẹ́ẹ̀ á gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó rà á, ẹ tẹ Ẹ́ Ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ Ṣ Ń wò, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré. Lẹ́tà ńlá ló ń yọni lẹ́nu jù, torí àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè a máa kọlu àmì ohùn ìlà tó tẹ̀ lé e. Ẹ la àárín ìlà sí bíi 140 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n lẹ́tà, kí ẹ sì ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ látìgbà tí ẹ bá ń fi pẹ́ńsù yà á. Ẹ má yọ àmì nítorí àyè: “ó gba ọ̀kọ̀” àti “ó gba ọkọ̀” kì í ṣe ọ̀kan náà lọ́wọ́ ọdẹ tó dojú kọ ẹ̀dá tó fò wá.