Ṣé a lè fi òkúta Abẹ́òkúta kọ́ bí omi àti oru gbígbóná ṣe ń gba inú àpáta kọjá?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ má lo gíránáìtì irú ti Olúmọ. Ihò inú rẹ̀ kéré jọjọ, ojú ibi tó sán nìkan lomi ń gbà. Òkúta oníyanrìn ni kí ẹ wá.

Ẹ gé e rọ́bótó: fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2.5, gígùn 5. Ẹ fi sínú ààrò 105°C títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín kù mọ́. Ẹ fi rọ́bà fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ típẹ́típẹ́, kí omi má baà gba ìta kọjá. Ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ẹ tó fi omi kún un. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ihò máa ń mú kí èsì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá ti omi gba inú rẹ̀ láti orí kan sí èkejì. Bí mìlílítà 30 bá ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, tí ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín orí méjèèjì jẹ́ atmosphere 1, ní 20°C, nǹkan bíi darcy 0.5 nìyẹn (darcy ni ìwọ̀n bó ṣe rọrùn tó fún omi láti gba inú òkúta kọjá), gẹ́gẹ́ bí òfin Henry Darcy, ẹnjiníà ará Faransé, ti 1856.

Oru ló le jù. Lítà omi kan ń di nǹkan bíi 1,670 lítà oru ní 100°C, omi àti oru á sì máa dí ara wọn lọ́nà nínú ihò òkúta. Ẹ wé òwú gíláàsì mọ́ òkúta náà kí ooru má baà sá. Tí ooru bá ń sá, oru á padà di omi nínú òkúta.