Kí ni alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan fẹ́ fà yọ?

Ẹnìkan béèrè ìtumọ̀ òwe tó ní, "Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀." Ẹni tó kọ́kọ́ dá a lóhùn ní òwe náà kò ju kí èèyàn tẹra mọ́ṣẹ́ lọ. Ó tún fi kún un pé inú irin kì í yí padà, pé bí a lù ú, bí a tẹ̀ ẹ́, fífẹ̀ ló ń fẹ̀, títínrín ló ń tín. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. N kò jiyàn ìtẹramọ́ṣẹ́, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti pẹ́ nídìí irin pẹlẹbẹ, tí mo sì ti fi maikirosíkóòpù wo inú rẹ̀, n kò lè gbọ́ pé inú irin kì í yí padà kí n dákẹ́. "Lójú kan" ni òwe náà wí. Ibẹ̀ gan-an ni olùdáhùn wa fò kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wo irin tí wọ́n ń tì bọ àárín rólà méjì, ìyẹn òpó róbótó méjì tó ń yí, tó sì ń tẹ irin pẹlẹbẹ, nítorí iṣẹ́ òòlù náà ni rólà ń ṣe. Iṣẹ́ yìí là ń pè ní yíyí irin. Hóró kírísítálì wẹ́wẹ́ ló kún inú irin, bàbà àti alumíníọ̀mù. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan, àwọn átọ́ọ̀mù, èérún kéékèèké tí irin fi di irin, tò létòlétò, àmọ́ hóró kan kọjú síhìn-ín, èkejì kọjú sọ́hùn-ún. Bí a bá yí irin náà ní tútù, àwọn hóró á pẹlẹbẹ, wọ́n á sì gùn sí ìhà tí irin ń gbà lọ. Ìpele átọ́ọ̀mù á máa yọ̀ lórí ara wọn, ibi tí ètò wọn ti yẹ̀ á máa pọ̀ sí i, títí wọ́n á fi máa dí ara wọn lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí irin tí a yí ní tútù fi ń le koko, tí kì í sì í fẹ́ tẹ̀ mọ́. Ní 1934, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, G. I. Taylor, Egon Orowan àti Michael Polanyi, ṣàlàyé ìyẹ̀ yìí, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé àwọn hóró náà ń yí ojú padà. Bí rólà ṣe ń tẹ̀ wọ́n, púpọ̀ nínú wọn á wá kọjú síbì kan náà. Láti ìgbà yẹn, irin náà kò dọ́gba ní gbogbo ìhà mọ́. Ẹ fi alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ tẹ ife, ẹnu rẹ̀ á yọ etí sókè sódò. Ẹ ká a kí ojú ìká náà bá ìhà tí wọ́n yí i dọ́gba, ó máa ń tètè sán ju ìgbà tí ẹ bá ká a dábùú lọ. Àwọn àgbà iṣẹ́ kì í gé irin láìkọ́kọ́ wo ìlà tín-ín-rín tí rólà fi sójú rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń wo nínípọn àti iye nìkan, wọ́n á gé e bó ṣe bá wọn, tó bá sán, wọ́n á ní irin kò dára. Ó ń dùn mí, torí ojú irin náà ti sọ ohun gbogbo fún wọn.

Bí ẹ bá ń wá alágbẹ̀dẹ inú òwe yẹn láyé òde òní, Norman Goss ará Amẹ́ríkà ni. Ní 1926, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Honda àti Kaya ní Japan, ti wọn kírísítálì irin, wọ́n rí i pé agbára òòfà kì í wọ̀ ọ́ bákan náà níbi gbogbo. Bí àpótí tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba ni ètò átọ́ọ̀mù irin ṣe rí. Ibi tí òòfà ti ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni gígùn etí àpótí náà. Goss mú irin tí wọ́n fi nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 sílíkọ́nì sí. Ó yí i ní tútù, ó dá a padà sínú iná, ó tún yí i ní tútù, ó tún fi iná sí i. Àwọn hóró tí etí wọn bá ọ̀nà rólà mu wá gbilẹ̀ nínú irin náà. Ní 1934 ni wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Irú irin yìí ló wà nínú tíránsífọ́mà títí dòní, wọ́n sì ń gé e kí òòfà lè máa gba ìhà tí wọ́n yí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí, hóró rẹ̀ ń tóbi débi pé tí wọ́n bá ṣí ìbòrí ara rẹ̀ kúrò, ojú lásán á rí i. Ẹ wo ohun tí wọ́n fà yọ! Ṣé ìtẹramọ́ṣẹ́ lásán nìyẹn?

Iná náà ní tirẹ̀. Bí irin bá gbóná tó bí a ṣe ń yí i, hóró tuntun á máa yọ, wọ́n á máa rọ́pò àwọn tó ti le. Òjé ń yọ́ ní ìwọ̀n 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn 600 lórí ti Kelvin, òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibi tí òtútù kò ti lè ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ooru inú yàrá, tó jẹ́ nǹkan bí 300 lórí Kelvin, ti dé ìdajì rẹ̀. Fún òjé, ìyẹn ti tó iná, ìdí nìyí tí ẹ lè fi yí i tọ̀sán-tòru kó má le.

Ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn kan ń jẹ́ kí eré rólà òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, kí irin lè máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ láàárín. Àwọn kan ń gé irin sí méjì, wọ́n ń tò ó léra, wọ́n ń yí i pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n á tún gé e, títí hóró fi máa kéré ju máíkírómítà kan lọ, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí irin rẹ̀ ṣe ojúsàájú sí ìhà kan, bíi ti àwọn tó ń ṣe irin pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ molybdenum, kì í yí i lójú kan. Ó ń dá a dábùú kó tó tún tì í bọ àárín rólà.