Ẹ Bi Wá Léèrè: Ṣé Kí N Ra Ilé Tí Tẹ́náǹtì Ti Wà Nínú Ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Aṣọ léèsì ni mò ń tà ní Balógun, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọjà nìkan ni màá gbójú lé tí mo bá dàgbà. Ájẹ́ǹtì kan mú mi lọ wo ilé kan ní Bàrígà, míní fláàtì 4 ló wà níbẹ̀, tẹ́náǹtì kún gbogbo ẹ̀, mílíọ̀nù 38 ni wọ́n ń pè é. Bàbá tó ni ín ti kú, ọmọ ẹ̀ àgbà ló ń tà á. Ájẹ́ǹtì ní kí n yára san nǹkan sílẹ̀ torí àwọn míì ń bọ̀ wá wò ó, ó ní tí mo bá ti san án báyìí rẹ́ǹtì á máa wọlé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ìyá Aláṣọ, Balógun

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, màmá wa. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín ni pé ọmọ àgbà nìkan ló ń tà á. Tí bàbá bá kú láìṣe wíìlì, ilé yẹn ti di ti gbogbo ọmọ, ẹ dẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí nílé Yorùbá, ìyàwó lè ju ẹyọ kan lọ, ìdí kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tí olórí ẹbí, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọ àgbà, bá tà á láìjẹ́ káwọn tó ń ṣojú àwọn ìdí tó kù mọ̀ sí i, wọ́n lè gbé e lọ kóòtù kí adájọ́ fagi lé e. Tó bá wá jẹ́ pé àwọn tó kù ló tà á tí olórí ẹbí ò lọ́wọ́ sí i, títà yẹn ò tiẹ̀ fìdí múlẹ̀ rárá. Ẹ ní kí wọ́n mú letter of administration, ìyẹn ìwé tí kóòtù fi fún wọn láṣẹ lórí ogún bàbá wọn, jáde, kẹ́ẹ ka orúkọ tó wà lórí ẹ̀, gbogbo àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sáìnì, títí kan èyí tó wà lókè òkun. Tí wọ́n bá ní àwọn ò tíì gbà á, ẹ ní kí wọ́n lọ gbà á ná.

Ìyẹn tán, ẹ gba ẹ̀dà ìwé survey ilé náà kẹ́ẹ fún lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà wọn o, kó lọ bá yín wò ó ní Alausa, lọ́fíìsì Surveyor-General bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn, àti ní Land Registry bóyá wọ́n ti fi ilé náà yáwó ní báńkì. Láti ọdún 1978 tí òfin ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ilé tó bá ní C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ gómìnà), ẹ máa gba consent gómìnà, ìyẹn ìyọ̀ǹda rẹ̀, lẹ́yìn tẹ́ẹ bá rà á, owó gidi dẹ̀ ni, torí náà ẹ kà á mọ́ iye ilé látìbẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ rẹ́ǹtì gan-an. Ẹ ò sọ iye táwọn tẹ́náǹtì ń san, ẹ jẹ́ ká ní ₦500,000 lọ́dún ni fláàtì kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 2 nìyẹn. Ẹ yọ Land Use Charge, ìyẹn owó orí ilé tí ìjọba Èkó ń gbà lọ́dọọdún, kúrò, ẹ yọ owó sókàwéè, òrùlé tó ń jò, ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, àti oṣù mélòó kan tí fláàtì máa ṣófo tẹ́nì kan bá kó jáde. Ká ní ó ku mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ́wọ́ yín, ó lé lọ́dún 25 kí mílíọ̀nù 38 yẹn tó padà. Ájẹ́ǹtì á ní ẹ ṣáà lè fowó lé e tẹ́ẹ bá ti rà á, ṣùgbọ́n òfin ilé yíyá ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fàyè gba tẹ́náǹtì láti lọ sí kóòtù tó bá rí i pé owó tí wọ́n fi lé e ti pọ̀ jù. Torí ẹ̀, rẹ́ǹtì tó ń wọlé báyìí ni kẹ́ẹ fi dúnàá dúrà, kì í ṣe èyí tí ájẹ́ǹtì ń fẹnu sọ. Kẹ́ẹ sì má fọwọ́ kan owó tẹ́ẹ fi ń rajà nítorí ilé yìí rárá.

Ẹ padà lọ síbẹ̀ fúnra yín láìmú ájẹ́ǹtì dání, lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, torí apá kan Bàrígà sún mọ́ ọ̀sà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, tó bá jẹ́ ibi tó mọ sí orúnkún nìkan ni wọ́n tún kùn tí òkè ẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dà àtijọ́, ẹ fura, ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ ibẹ̀. Ẹ wo òpó àti abẹ́ bákónì bóyá irin ti yọ síta tó ń dípẹtà. Lẹ́yìn ilé tó wó lu àwọn ọmọ iléèwé ní Ìta Fàájì lọ́dún 2019, tí mo bá rí irú irin bẹ́ẹ̀ mi ò lè dákẹ́, ẹ̀mí èèyàn ló máa wà lábẹ́ yín, ẹ mú ẹnjiníà lọ. Kẹ́ẹ wá kí àwọn tẹ́náǹtì dáadáa, ẹ bi wọ́n bóyá kálukú ní mítà prepaid tiẹ̀, ẹ bi wọ́n ta ni wọ́n ń sanwó fún, kẹ́ẹ sì rọra ní kí wọ́n fi rísíìtì hàn yín. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ olóògbé ti gba owó ọdún méjì kalẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin á wá rà á tán ẹ ò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Tẹ́ẹ bá wá rà á lóòótọ́, kí àwọn tó tà á kọ lẹ́tà fún tẹ́náǹtì kọ̀ọ̀kan pé ẹ̀yin ni kí wọ́n máa sanwó fún láti ọjọ́ báyìí báyìí.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí self-contain mẹ́ta ní Surulere. Ṣé mo lè gba ọdún méjì lọ́wọ́ tẹ́náǹtì tuntun?
Bọ̀ọ̀dá Kọ́lé, Surulere

Ìdáhùn: Rárá o. Ọdún kan ni òfin 2011 yẹn gbà, yálà ẹni tó fẹ́ san án ló fẹ́ tàbí ẹ̀yin lẹ bèèrè, méjèèjì ló lòdì sófin. Apapa, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island ni òfin yẹn yọ sílẹ̀, Surulere ò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè: Tẹ́náǹtì mi ní Mushin ò sanwó láti ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ yọ ilẹ̀kùn àti páànù ẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?
Lánlọ́ọ̀dù tuntun, Mushin

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Wọ́n lè torí ẹ̀ gbé yín lọ kóòtù, owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n dẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lówó á wá di ọ̀daràn. Tí àgíríméǹtì yín ò bá sọ nǹkan míì, oṣù 6 ni notice (ìwé pé kó kó jáde) ẹni tó ń san owó ọdọọdún, oṣù 1 ni ti ẹni tó ń san oṣooṣù, lẹ́yìn náà lẹ máa fún un ní ti ọjọ́ 7 kẹ́ẹ tó lọ bá adájọ́. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́, torí tí notice bá ní àṣìṣe, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, wọn kì í gbowó, wọ́n á pe òun náà wá kẹ́ẹ jọ jókòó, ẹ gbọ́ ìdí tí kò fi sanwó, kẹ́ẹ sì kọ ọjọ́ tó máa san án tàbí ọjọ́ tó máa kó jáde sílẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì sáìnì ẹ̀.