Kí ni iṣẹ́ Dífíṣọ̀n Keje ní Borno?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àbúrò mi tó jẹ́ sọ́jà lọ sí Dífíṣọ̀n Keje ní Màídúgùrì. Bí odidi dífíṣọ̀n bá wà níbẹ̀ láti ọdún 2013, kí ló dé tí ogun Boko Haram kò tíì parí? Màmá wa ń bi mí, n kò sì rí èsì fún wọn.
(Olùkàwé kan, Kubwa, Àbújá)

ÌDÁHÙN: A kí yín, a sì kí màmá. Oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni wọ́n dá dífíṣọ̀n náà sílẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde ètò pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ṣáájú ìgbà náà, Dífíṣọ̀n Kẹta ní Jos ni àwọn sọ́jà Màídúgùrì ń jábọ̀ fún, Jos sì jìnnà sí ibi tí ogun ti ń jà.

Bìrìgéèdì mélòó kan ni ó para pọ̀ di dífíṣọ̀n, ọ̀gágun àgbà tí wọ́n ń pè ní GOC sì ni olórí rẹ̀. Ogun tí a mọ ojú rẹ̀ ni a ṣe irú ẹgbẹ́ ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ fún: ọ̀tá wà lọ́hùn-ún, àwa wà níhìn-ín. Ní Borno, ẹni tó ń ra iyọ̀ lọ́jà lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò gbé ìbọn jáde láti igbó Sambisa, ibùba àwọn ọlọ̀tẹ̀, lọ́la, àbúrò yín tí kò gbọ́ Kanuri kò sì lè dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Civilian JTF fi wúlò fún àwọn sọ́jà láti ọdún 2013, nígbà tí igi àti àdá ni púpọ̀ nínú wọn mú dání.

Ní tèmi, ojú títì ni iṣẹ́ yìí ti le jù. Kí ọkọ̀ tó kọjá láti Màídúgùrì lọ sí Damboa, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ lè kọ́kọ́ rìn níwájú, kí wọ́n máa wo ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ti yí padà, bóyá wọ́n ri bọ́ǹbù síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́jà tò sẹ́yìn tí wọ́n ń retí. Odidi òwúrọ̀ lè lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ìbọn kankan tó dún, kò sì ní sí ìwé ìròyìn tí yóò gbé e.

Ní ti pé kò tíì parí, gbígba ìlú yàtọ̀ sí dídi ìlú mú. Wọ́n gba Gwoza padà ní oṣù kẹta ọdún 2015, wọ́n sì wọ ibùdó ọ̀tá tó tóbi jù ní Sambisa ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí a bá gbà ló ń fẹ́ ẹni tí yóò sùn síbẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n kó àwọn ibùdó kéékèèké jọ sí ńláńlá tí wọ́n ń pè ní super camp, kí ọ̀tá má baà máa ya bo àwọn sọ́jà tí kò pọ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ orí àwọn àgbẹ̀ ló já lé, nítorí àwọn abúlé tó wà láàárín ibùdó kan sí èkejì ṣófo láìsí olùṣọ́.

Bí àbúrò yín bá sọ pé Sector 1 ti Hadin Kai, ìyẹn orúkọ ogun tí wọ́n ń bá Boko Haram jà, ni òun wà, kò tíì kúrò ní dífíṣọ̀n: GOC kan náà ló ń darí méjèèjì. Hadin Kai, tó túmọ̀ sí ìṣọ̀kan lédè Haúsá, ni orúkọ tí wọ́n fi rọ́pò Lafiya Dole ní ọdún 2021. Ẹ sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, àlàáfíà, nínú Lafiya yẹn.

Ẹ sọ fún màmá pé bí fóònù àbúrò yín kò bá wọlé fún ọjọ́ mélòó kan, kò túmọ̀ sí ewu. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ lápá ibẹ̀. Bí ó bá sì pè, ẹ má bi í pé ibo ló wà; ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.