Ẹ́ńjìnì Scirocco bàbá mi ti kú, ṣé kí n fi ti Toyota sí i?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Olùkọ́ ilé-ìwé girama ni mí, Parakin ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. Bàbá mi fi Volkswagen Scirocco ti ọdún 1986 sílẹ̀ fún mi, ẹ́ńjìnì 1.8 oníkàbúrétọ̀, jíà ọlọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti wà lórí búlọ́ọ̀kù. Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kù, ó ní kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà, pé kí n jẹ́ kí òun fi ẹ́ńjìnì Corolla sí i. Àbúrò mi ní ẹ́ńjìnì VR6 ti Volkswagen ló tọ́ sí i. Èwo ni kí n ṣe? Níbo ni mo sì ti lè rí páàtì rẹ̀?

ÌDÁHÙN

Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá. Ẹ má fi ẹ́ńjìnì Toyota sí i o, ẹ má sì fi VR6 sí i. Ẹ́ńjìnì Volkswagen 1.8 onífáàfù mẹ́jọ, ti inú Golf 2 tàbí Jetta 2, ni kí ẹ wá. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi, àlàyé ìdí rẹ̀ ni, àti bí ẹ ó ṣe rà á tí ẹ ò fi ní ra òfo.

Ẹni tó ní kò sí irú rẹ̀ mọ́, orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ló ń kà. Lóòótọ́, Scirocco ò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ilé iṣẹ́ Karmann ní ìlú Osnabrück, ní Jámánì, ló ń bá Volkswagen ṣe é láti 1974 títí di 1992. Irú ti bàbá yín ni ẹ̀yà kejì, tó jáde ní 1981. Ìjàpá àti Passat ni àwọn ará Volkswagen ń tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, nígbà náà lọ́hùn-ún; Scirocco tí ẹ bá rí níbí, òkèèrè ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: Golf 1 ni. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì wá láti inú ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní EA827. Inú Audi 80 ló ti kọ́kọ́ yọjú ní 1972, kó tó wọ Golf, Jetta, Passat àti Scirocco. 1.8 yín, 1781 cc ni. Ti Golf 2 náà, 1781 cc ni. Kàbúrétọ̀, manifold àti distributor yín, ara èyí tó kú lẹ ó ti ṣí wọn, ẹ ó dè wọ́n mọ́ èyí tó ń bọ̀. Irin tó gbé engine seat dúró náà, tiyín ni kí ẹ lò, torí ti Golf 2 yàtọ̀. Ojú nọ́ọ̀tì tó wà lára búlọ́ọ̀kù ni kò yàtọ̀.

Ti Corolla ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, mi ò ní purọ́. Kò sí ohun tí wẹ́dà Nàìjíríà ò lè jó pọ̀ mọ́ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa jó ìjókòó ẹ́ńjìnì tuntun mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n máa wá ọgbọ́n dá sí ọ̀pá jíà àti wáyà kíláṣì, èyí tó burú jù lọ ni pé wọ́n máa gé sháàfù méjèèjì, wọ́n á jó ìdajì Toyota mọ́ ìdajì Volkswagen. Sháàfù tí wọ́n jó pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ojú inú wò ó kó já nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọjá lára tírélà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá sì bàjẹ́ ní Gbọ̀ngán, mẹkáníìkì tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ò ní mọ ibi tí òun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

VR6 ti àbúrò yín dára, sílíńdà mẹ́fà ni, ohùn rẹ̀ dùn létí. Jíà mìíràn ló ń lò, kíláṣì tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ (hydraulic), ọ̀pá jíà oníwáyà. Ṣéènì timing rẹ̀ sì wà lápá jíà, ìyẹn ni pé ọjọ́ tó bá tó pààrọ̀, jíà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ọmọdé ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó fi owó tirẹ̀ ra Corrado, ọkọ̀ Volkswagen tí wọ́n fi VR6 sí.

Kí a tó ná owó rárá, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì yẹn kú lóòótọ́. "Ó ti nọ́ọ̀kù" ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń sọ tí ẹ́ńjìnì ò bá ti yí mọ́, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó ti dúró fún ọdún púpọ̀, ó lè jẹ́ pé ríǹgì ló kàn lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó fi sípánà yí i láti ìdí kráńkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, jẹ́jẹ́, síwá sẹ́yìn. Ẹ má lo kíkì, ẹ má sì tì í. Tó bá yí, ẹ ṣí ọpọ́n ọ́ìlì nísàlẹ̀, ẹ wo bóyá ẹ rí wóró irin tó ń dán nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, bearing ti jẹ. A lè gbé kráńkì lọ fún àwọn onímáṣíìnì kí wọ́n lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ṣírò owó onímáṣíìnì, bearing, ríǹgì àti gásíkẹ́ẹ̀tì pọ̀, ẹ lè rí i pé tòkunbọ̀ rọ̀ yín lọ́rùn jù.

Bí ẹ bá ti wà nídìí rẹ̀ báyìí, ẹ gbé bátìrì kúrò kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ wo orí ibi tí ṣọ́kù iwájú wọlé sí, ẹ wo etí gíláàsì iwájú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńjìnì Scirocco kì í ṣe wàhálà. Ara rẹ̀ ni wàhálà. Gíláàsì iwájú tó fọ́, iná ẹ̀yìn tó sọnù, rọ́bà ilẹ̀kùn tó já, wọ́n le láti rí ju ẹ́ńjìnì márùn-ún lọ. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ibi tí mo dárúkọ yẹn tó fi dá ihò lu, kí páńẹ́lì bítà ṣe é tán kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ó wá ku ọjà. Ládípọ̀ ní Mushin, Òwòdè Onírin, àti Aspamda ní Trade Fair ní Ọ̀jọ́ ni ibi ńláńlá l'Ékòó. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Àràrọ̀mí, ní Agodi Gate, n'Íbàdàn, mo sì rò pé kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dárúkọ Scirocco fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ ní "Golf 2, 1.8, fáàfù mẹ́jọ". Tí ẹ bá pe Scirocco, ẹni kan á ní kò sí, ẹnìkejì á ní ó wà, owó rẹ̀ á sì fò sókè. Èyí tó tún dáa ju ọjà lọ ni kí ẹ rí Golf 2 tàbí Jetta 2 odindi tí ẹnì kan ti pa tì sẹ́yìnkùlé. N'Íléṣà níbí, ẹ̀yìn ilé àwọn àgbà kì í ṣàìní i. Ẹ ó rí jíà, exhaust, wáyà, rédíétọ̀ àti gbogbo nọ́ọ̀tì kéékèèké tí ọlọ́jà kì í kà sí, ẹ ó sì gba ìwé rẹ̀ pẹ̀lú.

Lójú ọjà, ẹ wá lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára búlọ́ọ̀kù, lábẹ́ ibi tí òun àti top cylinder ti pàdé. Lẹ́tà yẹn ló ń sọ irú ẹ́ńjìnì tó jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi fáìlì fá a, ẹ yí padà. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí: tí ẹ bá rí ohun tó funfun, tó ki bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn kọ́ńpúréṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, lójú yín. Òfin tèmi ni pé tí sílíńdà kan bá wà lábẹ́ 110 psi, tàbí tí ìyàtọ̀ tó wà láàrin èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù bá ju 40 lọ, mi ò rà á. Bí ọlọ́jà bá ní ẹ lè dá a padà tí kò bá ṣiṣẹ́, kó kọ iye ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sórí rìsíìtì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, àwọn bàbá wa mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó gba owó wọn, ṣùgbọ́n Ládípọ̀ jìnnà.

Wọ́n á fi ti Golf 3 lọ̀ yín, torí òun ló pọ̀ jù. Ẹ fara balẹ̀. 2.0 ti Golf 3 tó wá láti Amẹ́ríkà, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ABA, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ fi mílímítà 16 ga ju tiyín lọ, ibi tó ti ń mí afẹ́fẹ́ sínú sì wà níwájú, nígbà tí tiyín wà lẹ́yìn. Ó ń lọ sínú Scirocco, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ra brain box rẹ̀, odindi wáyà rẹ̀ àti gbogbo sensor láti inú ọkọ̀ kan náà, kí ẹ sì ní rìwáyà tó mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá jẹ́ ti Yúróòpù tó ní immobiliser, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gan-an, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá. Fún ẹni tó kàn fẹ́ gun ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lọ ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Ti Audi 80 àti Passat àtijọ́ ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù kan náà ni, ṣùgbọ́n òró ló wà nínú ọkọ̀ wọn, tiyín wà ní ìbú. Ẹ lè rà á bó bá dára, kìkì pé ohun tó wà lápá kíláṣì ò ní wúlò fún yín. Mo fẹ́ kí mẹkáníìkì yín ka ibí yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, flywheel ni wọ́n ń dè mọ́ kráńkì, pressure plate á wá tẹ̀lé e. Nínú jíà tiyín yìí, òdìkejì ni: pressure plate ni wọ́n ń dè mọ́ kráńkì, díìsìkì á wọ inú rẹ̀, flywheel ni wọ́n á fi dé e. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba àárín sháàfù jíà kọjá láti òpin kejì, òun ló ń ti kíláṣì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa wá release bearing níbi tó ti mọ̀ ọ́n, kò ní rí i. Ìpẹ̀kun jíà, lẹ́yìn ìdérí kékeré kan, ló wà. Kíláṣì náà tún ní ìwọ̀n, 190, 200 àti 210 mílímítà. Ẹ gbé èyí tó jáde lára tiyín lọ sọ́jà, ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnì tí ẹ rà bá jẹ́ oní-injection (èyí tí kì í lo kàbúrétọ̀), ẹ wò bóyá ojú ibi tí pọ́ọ̀ǹpù epo ń jókòó sí wà lára búlọ́ọ̀kù. Tí kò bá sí, pọ́ọ̀ǹpù oníná kékeré tí wọ́n ṣe fún kàbúrétọ̀ ni kí wọ́n fi sí i. Ti injection lágbára jù, epo á borí kàbúrétọ̀, á máa ṣàn síta lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná. Ẹ mọ ohun tó ń tẹ̀lé ìyẹn.

Kí ẹ́ńjìnì tó wọlé, nígbà tó ṣì wà nílẹ̀ tí ọwọ́ tó gbogbo ibi, ẹ pààrọ̀ timing belt àti pulley tó ń fún un, omi pọ́ọ̀ǹpù, oil seal iwájú àti ẹ̀yìn, àti thermostat. Thermostat! Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kí ẹ yọ ọ́ dànù, pé ilẹ̀ wa gbóná. Nínú Volkswagen yìí, ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi pọ́ọ̀ǹpù ni thermostat wà. Nígbà tí omi bá gbóná tó, bíi 87°C, ó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ó sì ń fi ìdí ara rẹ̀ kan náà dí ọ̀nà kúkúrú tí omi ń gbà yí padà sínú ẹ́ńjìnì. Tí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà kúkúrú yẹn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi gbígbóná á máa yí lójú kan náà láì dé rédíétọ̀. Ọkọ̀ tí ẹ yọ thermostat rẹ̀ kó má baà gbóná á wá gbóná lórí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ẹ ra tuntun, ẹ rí i pé fáànù iwájú ń tan fúnra rẹ̀, ó parí.

Lórí páàtì yòókù, ohun kan wà tí mi ò rí kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ tó wà lára páàtì Volkswagen ń sọ ọkọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é: 171 jẹ́ ti Golf 1, 191 ti Golf 2, 1H0 ti Golf 3, 533 ti Scirocco yín, 535 ti Corrado. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá bàjẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ 171, ẹ fọkàn balẹ̀: wọ́n ṣe Golf 1 ní Gúúsù Áfíríkà lábẹ́ orúkọ Citi Golf títí di 2009, ball joint, bush, ẹ̀yà bíréèkì àti bearing ẹsẹ̀ iwájú ṣì wà ní tuntun lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibẹ̀ lè fi àpò bá yín kó o. Tó bá jẹ́ 533, ẹ má sọ ọ́ nù, kódà bó bá ti kán. Ẹ lè lẹ̀ ẹ́. Irú rẹ̀, Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì lẹ ti máa wá a, ọwọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àtijọ́ tà, owó gbígbé rẹ̀ sì lè ju owó rẹ̀ lọ.

Ìwé ọkọ̀ ló kù. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àtijọ́ ló wà lórí ìwé bàbá yín, àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tuntun, ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ kó o lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì láísẹ́ńsì kí wọ́n yí i padà. Bí orúkọ bàbá bá ṣì wà lórí ìwé náà, ẹ ṣe ti pààrọ̀ orúkọ pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n má baà ní kí ẹ padà wá.