Re: Ṣé ẹni tó mọ àwòrán yà ṣì lè rówó lásìkò AI yìí?

Ẹ̀gbọ́n, owó ṣì wà níbẹ̀ dáadáa o. Ẹ má tíì sáré ra táblẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń yàwòrán. Ẹ gba Ṣómólú l'Ékòó lọ ná, àwọn atẹ̀wé ibẹ̀ máa ń gba iṣẹ́ ìwé ọmọdé, páálí ọjà, káàdì ìgbéyàwó, ẹ kàn ya fọ́tò àwọn iṣẹ́ yín sórí fóònù kẹ́ ẹ máa fi hàn wọ́n láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Storyboard, ìyẹn àwòrán tó ń fi ìran fíìmù hàn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó yà á, fáwọn onífíìmù Sùúrùlérè náà wà, lójú tèmi ìyẹn sàn ju yíya ojú èèyàn tí gbogbo ayé ń ṣe lórí Instagram. Fiverr, ìkànnì tẹ́ ẹ ti lè gba iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dáa, àmọ́ 20% ni wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ yín, ẹ yáa fi kún iye tẹ́ ẹ máa pè. Ẹ sì gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó mú pẹ́ńsù, ẹ kúkú mọ oníbàárà Èkó àti "màá sẹ́ǹdì ẹ̀ lọ́la".